Kí Màmá Rẹ Tó Wẹ Ọmọ ní Balùwẹ̀ Yín

Ayétòrò,
Àárọ̀ ọjọ́bọ̀.

Mojísọ́lá, Àṣàkẹ́ ọmọ mi,

Bí ìwé yìí bá tẹ̀ ọ́ lọ́wọ́, wá ibi tí atẹ́gùn wà jókòó, gbé ẹsẹ̀ rẹ lé àpótí kékeré, kí ọmọ inú rẹ náà lè sinmi. Ìwé náà gùn. Mi ò kọ irú rẹ̀ sí ọ rí, mi ò sì rò pé n óò tún kọ irú rẹ̀ mọ́. Mo mọ̀ pé wàá ní, "Bàbá, fóònù ńkọ́?" Bí mo bá pè ọ́, wàá dá sí ọ̀rọ̀ mi, n óò gbàgbé ibi tí mo dé, a ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀ bí ọmọ ṣe ń ta ọ́ nípàá. Ohun tí mo fẹ́ sọ yìí ti wà nínú mi láti ìgbà tí o ti wà ní ọmọ ọjọ́ mẹ́wàá. Mo fẹ́ kó jáde lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo.

Ọyẹ́ ti wọlé síbí. Láàárọ̀ yìí mi ò rí òpin ọgbà wa. Ìkùukùu bo àwọn igi òroǹbó títí dé ìdí, ó wá dà bíi pé wọ́n léfòó. Màmá rẹ wà lẹ́yìnkùlé, ó ń dáná omi ìwẹ̀. Èéfín igi ń gòkè, ìkùukùu ń sọ̀ kalẹ̀, àwọn méjèèjì pàdé lókè ilé ìdáná, mi ò mọ èwo ni èwo mọ́. Ní irú àárọ̀ báyìí, ojú mi á là, àmọ́ mi ò ní í tíì kúrò nínú àlá. N óò máa gbọ́ ìró omi nínú páìpù tí kò sí nínú ilé wa rárá, omi gbígbóná tó ń rìn jẹ́jẹ́ láti inú hítà dé ẹnu táàpù. Mo ti fi irú páìpù bẹ́ẹ̀ sí ilé tó pọ̀ níbí àti ní Ìlaró, títí dé Agósásà. Nínú ilé tèmi, omi tútù nìkan ni. Àwọn èèyàn máa ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ pé, "Púlọ́ńbà tí ìyàwó ẹ̀ ń fi igi dáná omi!" Èmi náà á bá wọn rẹ́rìn-ín.

Ní ọjọ́ Ajé, Wándé ọkọ rẹ fi fọ́tò balùwẹ̀ yín ránṣẹ́ sí mi. Inú mi dùn gan-an. Mo rí ọpọ́n ìwẹ̀ funfun tí èèyàn lè nà gbọọrọ nínú rẹ̀, mo rí hítà lára ògiri, mo rí táìsì aláwọ̀ ewé. Ó tún fi fọ́tò kejì ránṣẹ́: táàpù méjì tó ń dán, tí ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan bá a rà lọ́nà Ìwòyè-Kétu, ọjà òdìkejì bọ́dà. Lẹ́tà C wà lórí ọ̀kan, F wà lórí èkejì. Ó kọ ọ́ sábẹ́ rẹ̀ pé, "Bàbá, ẹ wo ọjà tó dáa." Mo da ojú fóònù náà bolẹ̀ lórí tábìlì.

Ọjọ́ kejì ni ìwọ àti màmá rẹ jọ sọ̀rọ̀ tí ọ̀rọ̀ náà di ìjà. Mo jókòó tì í, mo sì gbọ́ ohùn rẹ. O ní, "Màmá, kí ni balùwẹ̀ mi fi ṣe yín? Àbí torí pé Wándé ló kọ́ ọ ni?" Ó ní bí òun bá máa wá tọ́jú ìwọ àti ọmọ, ẹ̀yìnkùlé ni òun á ti máa wẹ ọmọ, omi orí iná ni òun á sì máa fi wẹ̀ ẹ́. Ó ní bí ìyẹn ò bá tẹ́ ọ lọ́rùn, kí ìyá ọkọ rẹ wá. O sunkún, o sì pa fóònù. Láti ìgbà náà ẹ ò tíì bá ara yín sọ̀rọ̀, ó sì ku ọ̀sẹ̀ mẹ́ta péré kí o bímọ. Mi ò fẹ́ kí ọmọ yẹn wá bá ìyá rẹ̀ àti ìyá-ìyá rẹ̀ nínú ìbínú tó jẹ́ pé èmi ni mo dá a sílẹ̀. Ìdí tí mo ṣe ń kọ̀wé nìyẹn.

Àmọ́ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ ọ̀rọ̀ iṣẹ́, nítorí ìyẹn ni ẹnu mi mọ̀ ọ́n sọ.

Àkọ́kọ́, ọpọ́n ìwẹ̀ yẹn. Ẹ má jẹ́ kí púlọ́ńbà yín fi táìsì bo ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kó tó rọ omi kún un dé ẹnu. Kí omi náà wà níbẹ̀ di ọjọ́ kejì. Lẹ́yìn náà kó ṣí i lẹ́ẹ̀kan náà kó máa dà wọ̀ọ̀, kí òun fúnra rẹ̀ dọ̀bálẹ̀, kó fi tọ́ọ̀ṣì wo abẹ́ rẹ̀, kó sì fi ọwọ́ gbígbẹ tọ́ gbogbo oríkèé páìpù náà wò. Nígbà tí mo wà ní ọ̀dọ́, ẹwà iṣẹ́ ló máa ń kán mi lójú. Mo ṣe ọ̀kan fún ìyá kan tó jẹ́ olùkọ́ ní Ìlaró, mo fi táìsì bò ó bọ̀rọ̀bọ̀rọ̀, mo sì dúró sẹ́nu ọ̀nà kí ó lè yìn mí. Kò ju ọ̀sẹ̀ méjì lọ tí ògiri pálọ̀ rẹ̀ fi bẹ̀rẹ̀ sí í wú. Ìgbà tí mo ń fọ́ táìsì tuntun náà lójú rẹ̀, ó ní, "Ọmọ yìí, o ò lè kọ́kọ́ bomi sí i kó o tó ṣe é lóge?" Ojú tì mí débi pé mi ò lè gba oúnjẹ tó gbé fún mi. Ẹ fi ilẹ̀kùn kékeré sílẹ̀ lábẹ́ ọpọ́n yín, tí apá lè gbà wọlé. Àwọn àlejò ò ní í rí i, ẹ̀yin sì máa dúpẹ́ lọ́wọ́ mi.

Ìkejì ni hítà. Kí ẹnikẹ́ni má tan iná rẹ̀ títí omi á fi kún inú rẹ̀. Báwo lẹ ṣe máa mọ̀ pé ó ti kún? Ẹ ṣí táàpù omi gbígbóná, kó máa tú fùù, kó máa wúkọ́, títí omi á fi ń wá gbọọrọ láìdánu dúró. Ìgbà yẹn lẹ ó tó tan iná. Mo ti jó hítà kan rí nítorí ìkánjú, òórùn rẹ̀ ò kúrò ní imú mi fún ọjọ́ mélòó kan. Ẹ rí i pé oníná so wáyà tó ń lọ sínú ilẹ̀ mọ́ ọn dáadáa, kí iná má lọ gbé yín nínú omi. Ẹ ó rí ẹnu kékeré kan lábẹ́ hítà tí omi á máa kán níbẹ̀ nígbà tó bá ń gbóná. Ibẹ̀ ló ti ń mí. Wọ́n máa sọ fún yín pé ó ń jò, wọ́n á fẹ́ dí i. Ẹ lé ẹni tó bá fẹ́ dí i jáde kúrò nílé yín, ohun tí kò bá rí ibi mí lè bẹ́.

Ìkẹta, ẹ bi í léèrè irú páìpù tó fẹ́ lò. Páìpù rọ́bà tí a fi ń gbé omi kànga-dẹ̀rọ lọ sínú tánkì ò lè gbé omi gbígbóná, yóò rọ̀, yóò tẹ̀, yóò sì já lọ́jọ́ tí ẹ ò retí. Oríṣi tó wà fún omi gbígbóná yàtọ̀. Ó wọ́n díẹ̀. Wándé máa kùn, jẹ́ kó kùn.

Mi ò mọ̀ bóyá ìkẹrin tàbí ìkarùn-ún nìyí, kò ṣe nǹkan kan. Ẹ má jẹ́ kí ọpọ́n náà gba gbogbo balùwẹ̀. Nínú fọ́tò yẹn, mi ò rí ibi tí èèyàn lè gbé àpótí kalẹ̀ kó sì na ẹsẹ̀ méjèèjì. Ẹni tó máa wẹ ọmọ tuntun kì í dúró, kì í sì í bẹ̀rẹ̀ mọ́ ọpọ́n. Ó máa jókòó sílẹ̀, yóò tẹ́ ọmọ sórí ojúgun rẹ̀, báàfù omi á wà lápá ọ̀tún, ọṣẹ àti kànìnkànìn lápá òsì. Ẹ fi ìwọ̀n ẹsẹ̀ ìyá àgbà kan sílẹ̀, kí ilẹ̀ ibẹ̀ dagẹ̀rẹ̀ díẹ̀ síhà ojú ihò omi, kí omi má baà dúró sí ìdí rẹ̀. Mo máa ń rò ó tí mo bá jókòó síbí. Mo ń rí ooru omi tó kún yàrá yẹn títí táìsì fi ń làágùn. Mo ń rí ọmọ náà tó ń na ara rẹ̀, tó diwọ́, tó lanu, tí kò tíì pinnu bóyá òun fẹ́ sunkún. Mo sì ń rí ọwọ́ tó ń fi òrí pa á lẹ́yìn. Ọwọ́ màmá rẹ ni mo máa ń rí ní gbogbo ìgbà.

Ó kù síbi tí mo ti ń sá fún.

O mọ àpá tó wà lápá ọ̀tún màmá rẹ, láti ìgúnpá dé ọrùn ọwọ́. Nígbà tí o wà ní kékeré o máa ń fi ìka rẹ tẹ̀ lé e, o ní odò ni. O bi í ohun tó ṣe é, ó ní ògì gbígbóná ló dà á lápá. Mojísọ́lá, kì í ṣe ògì. Èmi ni.

Nígbà tó lóyún rẹ, mo ṣẹ̀ṣẹ̀ gba òmìnira lọ́wọ́ Ọ̀gá Múfú, tó kọ́ mi níṣẹ́ ní Ìlaró. Gbogbo táàpù tí mo kọ́ṣẹ́ lórí rẹ̀, H àti C ló wà lára wọn. Ọ̀gá máa ń pariwo pé, "H gbóná, C tútù, má dà á rú o!" Mo fẹ́ ṣe ohun ìyanu fún ìyàwó mi. Mo fẹ́ kó bímọ tán, kó wọ balùwẹ̀, kí omi gbígbóná máa wá láti inú ògiri, kó sì mọ̀ pé ọkùnrin lòun fẹ́. Àwọn ẹbí rẹ̀ ní Ìwòyè ò kúkú gba tèmi púpọ̀ nígbà yẹn. Ọmọ tó kàwé ni màmá rẹ. Ọ̀dọ̀ àbúrò bàbá rẹ̀ tó wà ní òdìkejì bọ́dà ló gbé títí ó fi jáde ilé-ìwé, Faransé ni wọ́n sì fi kọ́ ọ. Èmi jáde pírámárì níbí, mo sì kọ́ṣẹ́ ọwọ́.

Mo rí hítà àlòkù kan rà. Mo wá táàpù lọ sí ọjà lọ́nà Ìwòyè, ohun tí mo rí níbẹ̀ ni C àti F. Mo dúró lójú ọjà, mo ń rò ó. C, mo mọ ìyẹn, tútù ni. F wá ńkọ́? Ó yé mi lójijì, mo sì rẹ́rìn-ín. F ni fáyà! Omi tí iná kàn. Orí ọ̀kadà ni mo wà tí mo ń yin ara mi bọ̀ wálé, pé orí mi mà pé o. Mo so omi tútù mọ́ C, mo so omi gbígbóná mọ́ F. Ẹni tó lè ka lẹ́tà méjèèjì yẹn fún mi ń sùn lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi lójoojúmọ́, mi ò bi í. Mo fẹ́ kó yà á lẹ́nu.

O pé ọmọ ọjọ́ mẹ́wàá. Àárọ̀ ọyẹ́ bí èyí náà ni. Mo mú un wọ balùwẹ̀, mo fi hàn án, ó pàtẹ́wọ́, ó rẹ́rìn-ín títí omi fi jáde lójú rẹ̀. Mo jáde kí n lè máa gbọ́ ọ láti ìta. Ó jókòó sórí àpótí, ó tẹ́ ọ sórí ẹsẹ̀. Bí gbogbo ìyá tó ní làákàyè, omi tútù ló fẹ́ kọ́kọ́ bù sínú báàfù. Ó wo lẹ́tà méjèèjì, ó sì ṣí F. Fúrúwà ni wọ́n ń pè é lédè tí wọ́n fi kọ́ ọ, tútù ló túmọ̀ sí. C tèmi yẹn ni ṣó, òun ló túmọ̀ sí gbígbóná. Ó gbé apá rẹ̀ sábẹ́ táàpù kó lè mọ bí omi ṣe tutù tó, omi tó fẹ́rẹ̀ẹ́ hó sì já lé e.

Ìwọ lo wà nísàlẹ̀ apá náà, Àṣàkẹ́. Bí ó bá fa apá rẹ̀ sẹ́yìn, orí rẹ ni omi náà ìbá dà lé. Kò fà á. Ó fi apá ọ̀tún bo orí rẹ, omi ń dà á lára, ó ń fi ọwọ́ òsì wá orí táàpù títí ó fi rí i tì. Ìgbà tí mo já wọlé, o ń sùn. Òun ló na apá tó ti bó sí mi. Ó ní, "F ni mo ṣí. Bàbá Mojí, F ni mo ṣí o."

Níbẹ̀ ni gbogbo rẹ̀ ti yé mi. Mo rí i kedere, mo sì wò ó lójú, mo parọ́. Mo ní F náà ni mo so omi tútù mọ́. Mo ní ẹ̀rọ ló ya wèrè, ó ti omi gbígbóná sẹ́yìn wọ inú páìpù tútù, pé hítà máa ń ṣe bẹ́ẹ̀ nígbà míì. Kí oòrùn tó dé àtàrí, mo ti tú gbogbo rẹ̀ kúrò lára ògiri kí ẹnikẹ́ni má baà rí i. Ó gbà mí gbọ́. Òun fúnra rẹ̀ ló tún ní kí á sọ fún àwọn èèyàn pé ògì ni, kí àwọn oníbàárà má baà sá fún mi. Àpá yẹn ni ó fi bo orúkọ mi, ó sì ń bò ó títí dòní. Ìdí nìyẹn tí kò fi lè sọ fún ọ ohun tó ń bà á lẹ́rù. Kì í ṣe ilé rẹ. Ó gbàgbọ́ pé nínú ilé tí hítà bá wà, kò sí táàpù tí èèyàn lè fọkàn tán, èmi ni mo sì kọ́ ọ bẹ́ẹ̀.

Mo fẹ́ràn màmá rẹ. Mo fẹ́ kí o mọ ìyẹn pẹ̀lú bí mo ṣe sọ èyí fún ọ. Ojú ló ń tì mí níbẹ̀rẹ̀, ẹ̀rù wá rọ́pò ìtìjú, lẹ́yìn náà ọdún ń gun orí ọdún, ó wá dà bíi pé ẹlòmíràn ló ṣe é. Ìmọ̀ràn tó wà nínú gbogbo rẹ̀ kéré: ohun tí o kò bá mọ̀, bi Wándé, kí òun náà máa bi ọ́. Bí o bá sì ṣe àṣìṣe, sọ ọ́ kí ilẹ̀ ọjọ́ náà tó ṣú.

Màmá rẹ ń pè mí pé omi ti gbóná. Mo dá bíírò dúró ná.

*

Àárọ̀ ọjọ́ Ẹtì.

Àná, ìgbà tí mo dé ẹ̀yìnkùlé, ó gbé garawa omi fún mi, ó ní, "Kí lẹ ń kọ látàárọ̀ tí ojú yín pọ́n báyìí?" Mi ò lè gba garawa náà. Mo jókòó sórí igi tó tò jọ, mo sì sọ fún un, láti orí ọjà Ìwòyè títí dé orí irọ́. Iná ń kú lọ lábẹ́ ìkòkò, kò kó igi rẹ̀ jọ.

Ó ní, "F ni mo ṣí, àbí?"

Mo ní, "F ni."

"Fúrúwà."

"Bẹ́ẹ̀ ni."

Ó wo apá rẹ̀. Ó ní, "Ó wá jẹ́ pé mo kà á dáadáa."

Mo ní, "O kà á dáadáa."

Ó ní ọkàn òun kan ń sọ pé bóyá C ni òun ṣí lọ́jọ́ náà, torí náà gbogbo ọdún wọ̀nyí, tí òun bá ti rí ìwé Faransé, òun máa ń kà á lẹ́ẹ̀mejì, bíi pé àwọn lẹ́tà náà lè yí padà lójú òun. Mi ò mọ ìyẹn rí. Inú ilé kan náà la jọ ń gbé, mi ò mọ̀. Mo sunkún níbẹ̀, Mojísọ́lá, mi ò ní í purọ́ fún ọ. Kò rẹ̀ mí lẹ́kún. Ó dìde, ó wọlé, kò sì bá mi sọ̀rọ̀ mọ́ títí ilẹ̀ fi ṣú. Ó gbé láfún mi sórí tábìlì bó ṣe máa ń ṣe, ó lọ dùbúlẹ̀, ó sì yí ojú sí ògiri.

Ní báyìí, mo fẹ́ kí o ṣe ohun kan lọ́jọ́ tí ìwé yìí bá tẹ̀ ọ́ lọ́wọ́, kí púlọ́ńbà yín tó ṣe ohunkóhun. Sọ fún un pé C ni kó so omi gbígbóná mọ́, kí F jẹ́ tútù, bí àwọn tó ṣe táàpù náà ṣe fẹ́. Kó kun C ní ọ̀dà pupa, kó kun F ní ọ̀dà aró, kí ẹni tó ka ìwé Gẹ̀ẹ́sì, ẹni tó ka Faransé, àti ẹni tí kò ka ìkankan lè mọ̀ ọ́n. Kó sì yí bọ́tìnnì hítà náà wálẹ̀, omi ọmọ ò gbọdọ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ hó. Omi tútù ni kí ẹ máa kọ́kọ́ bù sí báàfù nígbà gbogbo, kí ẹ tó fi gbígbóná lé e, kí ẹ sì fi ìgúnpá wò ó. Pe màmá rẹ. Má bi í léèrè ohunkóhun, ṣáà pè é kó gbọ́ ohùn rẹ.

Ibi tí mo kọ èyí dé nìyí tí mo gbọ́ ẹsẹ̀ lẹ́yìn mi. Ó ti dúró síbẹ̀ tipẹ́, ó ti ka gbogbo rẹ̀ láti orí èjìká mi. Mo fẹ́ fọwọ́ bò ó, ó ní kí n máa kọ lọ.

Ó ní, "Ẹ kọ ọ́ sí i pé mò ń bọ̀ ní Sátidé ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀."

Mo kọ ọ́.

Ó ní, "Ẹ kọ ọ́ pé inú balùwẹ̀ ọmọ mi ni n óò ti wẹ ọmọ ọmọ mi."

Mo kọ ìyẹn náà.

Ó ní, "Ẹ kọ ọ́ pé ẹ̀yin náà ń bọ̀. Apá yín la ó fi dán omi náà wò."

Mo bi í pé apá wo. Ó ní ọ̀tún.

Bàbá rẹ ni.